Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹranko Tó Ń Tọ̀ Wá Lẹ́yìn Ní Ibùdó Ìpàgọ́ Yín, Àti Ẹ̀rọ Ìpè-Ìrànwọ́ Tí Kò Lè Pe Ẹnikẹ́ni

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ẹ̀yin Ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo ń kọ ìwé yìí ní orúkọ ara mi àti ti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta tí a jọ san owó fún ìrìn-àjò ìpàgọ́ nínú igbó kìjikìji tí ilé-iṣẹ́ yín ṣètò. Èsì tí ẹ̀ka tó ń bójú tó oníbàárà fi ránṣẹ́ sí wa ni pé, níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó fojú rí ẹranko kankan, tí kò sì sí ẹni tó fara pa, àwọn kò rí ohun tí a lè pè ní ẹ̀sùn nínú ọ̀rọ̀ wa. Èsì yẹn ni mo kọ̀wé takò. Òótọ́ ni pé a kò rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó ń tọ̀ wá lẹ́yìn, ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ilé-iṣẹ́ yín sì ti gbọ́ nípa rẹ̀ kí ẹ tó kó wa lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí afinimọ̀nà yín fi ojú ara rẹ̀ rí. Ní ọ̀sán tí a dé ibùdó náà, òórùn ẹran tó ti ń jẹrà ló kọ́kọ́ pàdé wa. Nígbà tí a wá ibi tí òórùn náà ti ń jáde, a rí ìdajì òkú àgbọ̀nrín kan tó há sáàárín ẹ̀ka igi, ní ibi tó ga ju èyí tí ọwọ́ èèyàn lè tó lọ. Kò sí okùn lára rẹ̀, kò sí ojú ọ̀bẹ, eyín ló fà á ya. Afinimọ̀nà náà gbójú sókè wò ó, ó ní àwọn ọdẹ ló gbé e síbẹ̀, ó sì ní kí a máa na àgọ́ wa. Ẹkùn ni ẹranko tó máa ń wọ́ ohun tó bá pa gun orí igi kí ìkookò má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a sì máa padà wá jẹ lára rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń sanwó fún láti mú èèyàn wọ inú igbó kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ èyí. Kò jìnnà sí igi yẹn tí ó fi wá sí, ó sì padà lọ kí oòrùn tó wọ̀, pẹ̀lú ìlérí tó wà nínú àdéhùn wa pé òun yóò máa yọjú sí wa ní àràárọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọ̀bọ tó wà lórí igi bẹ̀rẹ̀ sí í ké léraléra, igbe tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ara wọn, lẹ́yìn náà ni gbogbo igbó pa rọ́rọ́. A wá ń gbọ́ ìrìn lórí ewé gbígbẹ, kò yára, kò sì wúwo, ó ń yí àgọ́ wa ká. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sọ̀rọ̀, ìrìn náà á dúró. Bí a bá dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìhà mìíràn. A tan tọ́ọ̀ṣì yí ká, a kò rí nǹkan kan. Ẹ̀ka oníbàárà yín ti fi ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yìí ṣe ẹ̀rí pé kò sí ẹranko níbẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́, ojú ẹranko a máa tàn bí iná bá kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń rìn lóru tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọjú sí iná náà kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, èyí tó bá sì lúgọ sẹ́yìn igi kò ní kọjú sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ wo ọ̀nà tó lọ sí odò kékeré tí a ti ń pọn omi, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ipasẹ̀ ló kún ibẹ̀: ọmọ-ìka mẹ́rin níwájú, àtẹ́lẹsẹ̀ ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta, kò sì sí àpá èékánná kankan níwájú àwọn ọmọ-ìka náà. Ajá àti ìkookò kò lè ká èékánná wọn wọlé, nítorí náà ó máa ń hàn nínú ipasẹ̀ wọn; ẹkùn a máa ká tirẹ̀ mọ́nú bó bá ń rìn, kí ó lè mú dáadáa nígbà tó bá fẹ́ dì mọ́ igi tàbí mọ́ ẹran. Ṣùgbọ́n irú ẹranko tó jẹ́ kọ́ ló bà wá lẹ́rù jù. Lórí àpá bàtà wa ni ipasẹ̀ náà wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti dá lọ pọn omi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bàtà rẹ̀ sì hàn nínú ẹrẹ̀ náà ní àlọ àti ní àbọ̀. Orí àpá bàtà àbọ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹranko náà ń tẹ̀, ìṣísẹ̀ lé ìṣísẹ̀, títí dé ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi yìí gbé ike omi bọ̀ wá bá wa pẹ̀lú orin lẹ́nu, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ti gba ọ̀nà tí òun ń gbà. Láti ìgbà tí a ti padà dé ni oorun rẹ̀ kò ti já gaara mọ́. Mo fi àwọn fọ́tò ipasẹ̀ náà mọ́ lẹ́tà yìí, mo sì rọ̀ yín kí ẹ fi wọ́n han ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹranko igbó dáadáa.

Afinimọ̀nà yín kò yọjú ní òwúrọ̀ náà. A gbọ́ lẹ́yìn-ò-rẹyìn pé ẹ ti rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé èyí ló dùn mí jù lọ. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ ní ibùdó náà, ìdí nìyẹn tí a fi san owó lọ́tọ̀ láti yá ẹ̀rọ ìpè-ìrànwọ́ tí ìwé ìpolówó yín ní ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. A tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà ti fi hàn wá, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, a sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Kò sí ẹni tó wá. Nígbà tí mo padà délé tí mo ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, mo rí i pé ìgbì rédíò 121.5 MHz nìkan ló ń lò. Àwọn sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò ìdóòlà ẹ̀mí tí Kánádà, Faransé, Amẹ́ríkà àti Soviet Union bẹ̀rẹ̀ ní 1979, kò fetí sí ìgbì yẹn mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2009. 406 MHz ni wọ́n ń gbọ́, ẹ̀rọ tó ń lò ó sì máa ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn adóòlà lè mọ ẹni tó ni ín. Ohun tí 121.5 ṣì wúlò fún ni kí àwọn tó ti wà nítòsí fi wá ibi tí èèyàn wà gan-an, tàbí kí ọkọ̀ òfuurufú tó bá ń kọjá gbọ́ ọ. Ní gbogbo àkókò tí a fi ń wo iná náà, kò sí sátẹ́láìtì kan tó ń gbọ́ wa. Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ rárá ìbá sàn fún wa ju èyí lọ, nítorí à bá ti dìde lójú ẹsẹ̀ kí a sì fi ojúmọmọ rìn jáde. Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ló dá wa dúró di alẹ́ kejì.

Alẹ́ kejì náà le ju ti àkọ́kọ́ lọ. A dá iná ńlá, a fẹ̀yìn ti ara wa, a ń fọn fèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, a ó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí a tó tún bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń gun òkè ti ń pe ìrànwọ́. Ìrìn náà tún wá. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ iná wa kò dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a fi ẹrù wa sílẹ̀, a sì rìn jáde ní ìtẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, a ń sọ̀rọ̀ sókè, ẹnikẹ́ni kò sáré, nítorí ẹni tó bá sá lójú ẹkùn ń pè é láti lé òun ni. Igbó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí a bá dúró, á dúró. Kò fi wá sílẹ̀ títí a fi yọ sí ojú títì.

Ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, òṣìṣẹ́ yín kan fún wa lómi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dé òpin, ó sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí tábìlì hàn wá. Àwọn oníbàárà tó ti lọ sí ibùdó kan náà ṣáájú wa ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan kan ń yí àgọ́ àwọn ká lóru. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fìyà jẹ òṣìṣẹ́ náà. Òun nìkan ló bá wa lò bí ẹni tí ẹ̀mí wa jọ lójú.

Ẹ wá sọ fún wa pé a kò rí nǹkan kan. Yíyọ́ ẹkùn, bí ti ojo kọ́. Ẹkùn tó ń dọdẹ kì í fara hàn fún ohun tó fẹ́ pa. A máa sún mọ́ ọn títí kò fi ní ju ìwọ̀nba ìfò kan sí méjì lọ, ọ̀nà ọ̀fun ló sì máa ń wá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí oníbàárà bá fojú rí i nìkan ni ẹ ó gbà pé ó wà, mọ̀lẹ́bí oníbàárà náà ni yóò kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí yín. N kò bínú sí ẹranko náà, nítorí ilé rẹ̀ ni igbó. Ohun tí mo ń bínú sí ni pé ìwé ìtọ́ni tí ẹ fún wa sọ̀rọ̀ nípa ejò, ẹ̀fọn àti oòrùn, kò sì sọ gbólóhùn kan nípa ẹkùn. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ ni, kò sí ẹni tí ìbá dá lọ pọn omi ní ìrọ̀lẹ́. À bá ti gbé oúnjẹ àti ìdọ̀tí wa jìnnà sí àgọ́ ní nǹkan bí mítà 100. À bá sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ẹkùn bá yọ sí gbọ́dọ̀ kọjú sí i, kí ó na ọwọ́ sókè, kí ó pariwo, kí ó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé a kò ní lọ rárá, ẹ̀tọ́ wa sì ni láti yan ìyẹn fúnra wa.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ ti ibùdó náà pa títí àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹranko igbó yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ gba gbogbo ẹ̀rọ 121.5 tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà padà kíákíá, kí ẹ sì fi èyí tó ń lo 406 MHz, tí ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, rọ́pò wọn. Èyí kò gbọdọ̀ dúró de ìparí ọ̀rọ̀ tiwa, nítorí ẹlòmíràn lè wà nínú igbó lónìí pẹ̀lú ọ̀kan lára wọn. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ṣáájú wa, kí wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní tiwa, kí ẹ dá gbogbo owó ìrìn-àjò àti owó ẹ̀rọ padà, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó lọ pọn omi, ní ìwé, láti ọwọ́ ẹ̀yin Ọ̀gá fúnra yín. Bí n kò bá rí èsì láàárín ọjọ́ 14, n ó gbé ẹ̀dà lẹ́tà yìí àti àwọn fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Ẹ̀rọ ìpè-ìrànwọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò ní dá a padà sí ibi tí wọ́n ti lè tún gbé e fún ẹlòmíràn. Aṣojú yín tó bá mú èsì tí ẹ fọwọ́ sí wá ni n ó fà á lé lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníbàárà yín, ní orúkọ àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin