Màmá, Ìdí Tí Mo Fi Sunkún Ọ̀gá Wa

Manchester,
Oṣù Kẹjọ, 1994.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìfaradà àìsí epo. Ara èmi àti ti àwọn ọmọ le, mo sì gbà pé ara tiyín náà le. Owó òrùlé wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mú lẹ́tà yìí wá, ó sì pé gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi ṣe kọ ọ́ sí mi. A ń gbọ́ níhìn-ín bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo ṣe mú kí gbogbo nǹkan dẹnu kọlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró títí mo fi rí ẹni tí mo lè fọkàn tán. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní mo ti fi owó yẹn ṣe nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí àbúrò mi kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ ní nígbà tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé Táí Ṣólàrín, ọ̀gá ilé ìwé mi àtijọ́, ti kú, ẹ gbọ́ ẹkún mi, ó sì dùn yín, nítorí pé ẹ kò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú. Ẹ béèrè ohun tí ọkùnrin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ṣe fún mi tí mo fi ń sunkún rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì tún ní ìyá ìjọ kan ti bi yín léèrè bóyá ilé ìwé yẹn ni ó mú ẹsẹ̀ mi kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá. Mo sì sunkún bàbá mi. Yàrá tí àwa ọkùnrin mélòó kan jọ ń gbé nígbà náà ni kò jẹ́ kí n gbé ohùn sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òkú méjèèjì wéra. Bàbá mi bí mi, ó sì fi owó obì tí ẹ̀yin méjèèjì ń tà ní Ṣágámù rán mi lọ sí Mayflower, ilé ìwé Ṣólàrín ní Ìkẹ́nnẹ́. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fi ń jẹun lónìí, òun náà ni mo sì fi ń rán owó sí yín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá wò mí ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ọdún tí mo kọ́kọ́ wọlé. Inú oko ilé ìwé ni ẹ bá mi pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó, ẹ sì bú sẹ́kún pé ẹ fi owó rán ọmọ lọ kàwé, wọ́n wá sọ ọ́ di alágbàṣe. Ẹ bi mí léèrè ta ni ọkùnrin onísòkòtò péńpé tí ó wọ fìlà, tí òun náà ń ro oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ní ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ni. Ẹ kò sọ ohunkóhun mọ́ títí ẹ fi wọ ọkọ̀ padà. Ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí n ti ṣàlàyé fún yín, ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, n kò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ni ó wà nínú oko yẹn, oúnjẹ kan náà ni a sì jọ ń jẹ lẹ́yìn tí a bá kúrò níbẹ̀. A ń gbin ohun tí a ó jẹ, a ń sin adìyẹ, a ń fi ọwọ́ wa kún iṣẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ sí ọgbà ilé ìwé, lẹ́yìn náà a ó wẹ̀, a ó sì wọ kíláàsì lọ kọ́ ìṣirò. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ìyà fún ọmọ tí kò mọ̀wé. Níhìn-ín, àwọn mìíràn tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ju tèmi lọ jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí pé iṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n lè ṣe. Èmi gba iṣẹ́ àtúnṣe ilé ní ọ̀sẹ̀ tí mo béèrè rẹ̀, títí di òní n kò sì tíì sùn ní ebi. Ṣé ẹ ti gbọ́ rí pé mo tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Ní ti ẹ̀sìn, n kò ní pa irọ́ fún yín. Ọ̀gá kò gbàgbọ́, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun ni ọ̀gá àgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ọdún 1952, ọ̀rọ̀ àdúrà òwúrọ̀ àti orin ìsìn tí ó ní kò yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ilé ìwé ni ó sì dá èdè àìyedè sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn tí ó ni ilé ìwé náà, tí ó fi kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá Mayflower sílẹ̀, ilé ìwé tí kò sí lábẹ́ ìjọ kankan. Ọdún tí ó ṣáájú ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ rẹpẹtẹ sì ń bọ̀ lẹ́yìn tí wọn yóò nílò ibi tí wọn yóò lọ. Lọ́wọ́ ta ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìwé girama wà nígbà náà, bí kò ṣe lọ́wọ́ àwọn ìjọ? Ẹ mọ àbúrò bàbá wa tí wọ́n fi orúkọ òyìnbó rọ́pò orúkọ Mùsùlùmí tí wọ́n sọ ọ́ kí ó tó lè rí àyè ní ilé ìwé kan. Ìyá rẹ̀ kò gbàgbé ọjọ́ náà títí ó fi kú. Ní ilé ìwé tiwa, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ ìgbàgbọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, a kò sì bi ọmọ kankan léèrè orúkọ tí yóò jẹ́ kí ó tó wọlé. Bíbélì tí ẹ fi sínú àpótí mi wà níbẹ̀ títí mo fi jáde. Ó wà lórí tábìlì mi níhìn-ín báyìí.

Ẹ̀yin náà sì mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ní ọdún 1984, nígbà tí àwọn ológun mú un tì mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́ nítorí ohun tí ó kọ nípa ìjọba wọn, tí ó sì lé ní ọdún kan kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà ìrọ̀lẹ́. Mo ṣì ní lẹ́tà náà. Nígbà tí wọ́n dá Báńkì àwọn Ènìyàn sílẹ̀ ní ọdún 1989 tí wọ́n sì fi í ṣe alága rẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ yín tí ó ń ta gàrí ni ó yá owó níbẹ̀ láìní ilé tàbí ilẹ̀ tí yóò fi ṣe ìdúró? Kí ló wá dé tí a fi ń bi yín léèrè lónìí, lẹ́yìn ikú rẹ̀, bóyá ẹni burúkú ni?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí ẹ kò kọ, ìyẹn ìdí tí èmi kò fi tíì padà sílé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín. Òpópónà Oxford tí mo ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ ni yunifásítì tí ọ̀gá ti kàwé wà, lẹ́yìn tí ó kúrò nínú iṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe atọ́nà ọkọ̀ òfurufú nígbà ogun. Ó fẹ́ ìyàwó nílẹ̀ yìí, ó ní ìwé ẹ̀rí, kò sí ẹni tí ó lè lé e lọ, síbẹ̀ ó padà sílé láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ óò ní èmi ńkọ́? Màmá, owó ilé ìwé àbúrò méjì ni ó wà lọ́rùn mi títí di ọdún tó kọjá, òrùlé yín ni ó sì tẹ̀ lé e. N kò gbàgbé ilé. Mo ní kí ẹ mọ̀ pé nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀sì bá gba iwájú ibẹ̀ kọjá, mo máa ń ronú lé e lórí, bóyá ìyẹn náà sì wà nínú ẹkún tí ẹ gbọ́.

Ó dùn mí pé ọkùnrin tí ó fi ogún ọdún ṣe olórí ilé ìwé yẹn, láti ìgbà tí ó dá a sílẹ̀ títí di ọdún 1976, ti kú kí ó tó di ogún ọjọ́ oṣù yìí tí ó yẹ kí ó pé ẹni ọdún 72. N kò lè wá sílé. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín, kí ẹ bá mi lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ kí ìyàwó wọn kú àṣẹ̀yìndè. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń bá wa gbé, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ wa sì ni wọ́n wà tí ọkọ wọn fi kú. Kí àbúrò mi bá yín lọ. Mo ti fi owó ọkọ̀ sínú àpò ìwé kékeré tí ó wà lọ́tọ̀, kí ẹ má baà mú un nínú owó òrùlé. Ẹ kò ní láti bá wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni ìyá ọmọ tí ó wọlé ní 1965, tí ó wà ní Manchester, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún mi. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi kọ̀wé sí mi ní kété tí ẹ bá ti dé, kí ó sì sọ bí ẹ ṣe bá wọn. Bí ẹ kò bá fẹ́ lọ, ẹ sọ fún mi náà, kí n lè wá ẹlòmíràn rán.

Èmi ni ọmọ yín tí ó fẹ́ràn yín.