Lẹ́tà sí àǹtí mi tó wà ní Houston

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́. Ẹ ní ìfẹ́ àsìkò ọdún lásán ni ti èmi àti ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, pé bí ọdún bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, òun náà á kásẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ ní kí n má jẹ́ kí ìrẹsì àti orin tàn mí lọ sílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n ni yín, ẹ ò fẹ́ kí ojú tì mí, ọ̀rọ̀ náà ò sì bí mi nínú. Àmọ́ ibi tó yẹ kó gbẹ̀yìn lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lójú yín, mo pàdé ọkùnrin ní Àgbádárìgì, inú mi wá dùn, Kérésì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kérésì ló kọ́kọ́ padà wá bá mi. Ìgbà tó padà dé tán ni ojú mi tó gbà á láti rí ènìyàn.

Ẹ mọ bí ilé wa ṣe máa ń rí nígbà tí màmá wà láyé. Adìyẹ á ti wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé, á máa ké, àwa á sì ti fún un lórúkọ, ká tó wá sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa á. Màmá ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oúnjẹ títí a ó fi gbé abọ́ olómorí káàkiri ojúlé, ilé àwọn Mùsùlùmí ni yóò sì kọ́kọ́ dé. Oṣù Kejìlá náà ni wọ́n kú. Ẹ̀yin padà sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìsìnkú, èmi dúró sínú ìlú tí gbogbo rẹ̀ ń kọrin. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà ládùúgbò, mo máa ń ti fèrèsé ni. Èmi ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n fi mí sí iṣẹ́ ọjọ́ ọdún. Bí ẹ bá pè, a ó kí ara wa kú ọdún, a ó ní àṣèyí ṣàmọ́dún, ó parí. N ò sọ ọ́ fún yín nítorí mo rò pé bó ṣe ń ṣe ẹ̀yin náà nìyẹn.

Màmá Àjàrá, tí wọ́n ń gbé ní Àgbádárìgì, ló yí i padà, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe nǹkan kan. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ ìtùnú. Wọ́n kàn pè mí pé orúnkún ń dun àwọn, adìyẹ wà nílẹ̀, àgbọn kò tíì sí nílé, ta ni kó ṣe é? Bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́ ni mo ṣe lọ. Ọ̀nà Àgbárà náà ṣì ni ọ̀nà Àgbárà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Wọ́n rán mi lọ ra àgbọn ní ọjà Agbálátà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀gbẹ́ni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó ri irin kan mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Á fi àgbọn lù ú, á yí ọwọ́ padà, èèpo á là. Á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, àgbọn á jáde ní ìhòòhò, á jù ú sọ́dọ̀ oníbàárà. Ó ń bá àwọn ìyá kan sọ èdè Ògù, ó ń bá èmi sọ Yorùbá. Mo sanwó, mo gba àpò mi, mo lọ. Àǹtí mi, bí wọ́n bá bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà bóyá ọkùnrin ló ta àgbọn fún mi tàbí obìnrin, ì bá gbà mí ní àròjinlẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún gan-an, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wà nídìí àgbọn. Mo rin ín títí apá fi ń ro mí, mo da omi gbígbóná lé e, mo fún un, omi rẹ̀ funfun bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú rẹ̀, tí edé gbígbẹ náà wọ inú rẹ̀, Màmá Àjàrá ti ìjókòó wọn nawọ́ abọ́ olómorí sí mi. Wọ́n ní, "Ilé iwájú ni kí o kọ́kọ́ gbé e lọ. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti ń retí rẹ̀."

Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ mi tó lè gbé. Àwọn ọmọ ilé náà rí abọ́, wọ́n fi ariwo bọnu. Ìyá wọn jáde, ó gba abọ́, ó wá ń wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ jọ ìyá kan tó máa ń bá wọn ṣọdún níbí láyé ijọ́un. Òun náà ló máa ń gbé e wá."

Mo sunkún lójúde onílé, ìyá náà gbá mi mọ́ra. Ìgbà tí mo padà, mo ní kí wọ́n fún mi ní abọ́ kejì. Mo gbé e títí dé ìdí òpópónà.

Lẹ́yìn ìsìn ni ọ̀gbẹ́ni náà wá kí Màmá Àjàrá, ó gbé àgbọn kan tó tóbi lọ́wọ́, ọ̀fẹ́. Mo wá rí i. Mo rí bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó ṣe béèrè orúnkún wọn kó tó jókòó.

Ọjọ́ kejì ọdún ló mú mi lọ sí Marina Àgbádárìgì. A dé ibi ìrántí igi Agia, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842, igi náà wó ní 1959. Ó ní Kérésì 1842 náà, Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń ti Abẹ́òkúta bọ̀, Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìlú yìí ni àwọn méjèèjì ti bá ara wọn pàdé. Mo gbọ́, ó dùn. Ìtàn tó mú mi dúró ni èyí tó sọ nídìí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845. Àjàyí Crowther dé Àgbádárìgì lọ́dún náà, ó fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ogun ò jẹ́. Ó dúró níbí tó ọdún kan ààbọ̀. Ìgbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846 ló tó tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọ̀gbẹ́ni náà ò mọ̀ pé màmá tiwa ti kú. Mo sọ fún un níbẹ̀. Kò ní "ẹ pẹ̀lẹ́" kó wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní kí n sọ fún òun irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ilẹ̀ ṣú bá wa lórí ọ̀rọ̀ màmá.

Ẹ ní ọdún ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Ní oṣù Keje, òjò ń rọ̀, orin ọdún kankan ò sí níbikíbi, ibà taifọ́ọ̀dù dá mi dùbúlẹ̀ ní Ìkẹjà. Ọ̀gbẹ́ni náà gba ọ̀nà Àgbárà yẹn wá nínú omi, ó bá mi fọ aṣọ, ó sì sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ògbà nítorí kò fẹ́ káwọn ará ilé máa sọ̀rọ̀ mi. Bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ ìrẹsì ni, ìrẹsì ti tán ní oṣù Keje.

Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ wá tọrọ mi ní Satidé tó ṣáájú Kérésì, Màmá Àjàrá sì ti ní ilé àwọn ni kí wọ́n wá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sípò màmá bí kò ṣe ẹ̀yin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ dúró di ọjọ́ ọdún, ká jọ gbé abọ́ náà kiri. Ìyá ilé iwájú ti bi mí bóyá ẹ̀yin náà jọ wọ́n, mo ní ẹ jọ wọ́n jù mí lọ.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa gbéra ránṣẹ́ sí mi, kí n lè wá pàdé yín ní pápákọ̀ òfurufú. Òun ló máa wakọ̀.

Àbúrò yín