Ọdún mẹ́ta tí wọn kò kà fún ọmọ mi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí arábìnrin kan kọ sí yín láti Abẹ́òkúta ló mú mi gbé kálàmù. Ó ní àbúrò òun wà nínú oyún oṣù mẹ́fà, ẹnì kan sì ti sọ fún un pé kó wá owó, kó tètè wọ Ireland kó tó bímọ, torí pé ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ ti di ọmọ onílùú. Ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ dá òun lóhùn. Láti ọdún 2002 ni mo ti wà ní Ireland. Ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ni wọ́n pa fún àbúrò rẹ̀. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2005. Ẹni tó bá ṣì ń fi í gba owó lọ́wọ́ aboyún lónìí, gbájúẹ̀ ló ń ṣe.

Òótọ́ ni pé ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí mo dé, ọmọ tí wọ́n bá bí sí erékùṣù náà, ì báà jẹ́ Dublin tó wà lábẹ́ ìjọba Ireland, ì báà jẹ́ Belfast ní apá àríwá tó wà lábẹ́ Bìrìtìkó, ọmọ Ireland ni, ibi yòówù kí òbí rẹ̀ ti wá. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1998 tí wọ́n fi parí ìjà apá àríwá náà ló mú kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Ká tó wí ká tó fọ̀, ariwo ta pé àwọn àlejò obìnrin ń gbé oyún wá sí ilé ìwòsàn Dublin. Àwa ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà bá wí jù, torí àwa la pọ̀ jù nínú àwọn tó sá kúrò nílùú wọn, tó ń tọrọ ààbò lọ́wọ́ ìjọba Ireland lákòókò náà. Mo rántí bí mo ṣe máa ń da kóòtù bo oyún mi kí n tó wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2004, wọ́n dìbò lórí rẹ̀. Nínú ẹni 100 tó dìbò, 79 ló ní kí wọ́n yí òfin náà padà.

Ohun tí òfin tuntun náà wí fún àwa àlejò ni pé bàbá tàbí ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ ti fi ọdún 3 gbé ìlú náà pẹ̀lú ìwé, láàárín ọdún 4 tó ṣáájú ìbí ọmọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹni tó tọrọ ààbò fi ń retí èsì, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ọdún 2003 ni mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, òun bọ́ sábẹ́ òfin àtijọ́. Lọ́dún 2005, ìjọba fún àwa òbí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìgbélùú. Àwọn tó gbà á lé ní 16,000, mo sì wà lára wọn. Nígbà tí ọdún 2006 ń parí lọ, mo bí èkejì. Ilé ìwòsàn kan náà ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Mo ti lé ní ọdún mẹ́rin ní ìlú náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa ṣírò rẹ̀, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló kù. Torí náà, wọn kò ka èkejì sí ọmọ onílùú.

Ọdún mẹ́ta tí wọ́n yọ yẹn, inú họ́sítẹ̀lì tí ìjọba ń kó àwọn tó ń tọrọ ààbò sí ni mo ti lò ó. Yàrá kan ṣoṣo ni. A ò gbọ́dọ̀ dáná, wọ́n ní àkókò tí wọ́n ń bù oúnjẹ, mo sì máa ń pọnmọ tò sórí ìlà. A ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Yúrò 19 àti sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń fún àgbàlagbà lọ́sẹ̀. Ìjọba ló fi mí síbẹ̀, ìjọba ló ń bọ́ mi, ìtẹ̀ka mi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sùn lé. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣe é bí ẹni pé n kò sí nílùú wọn?

Lọ́dún 2010, ìjọ wa háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Belfast. Kò jìnnà sí Drogheda tí à ń gbé, kò sì sí géètì kankan ní ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Bìrìtìkó ni, ẹni tó bá ní páálí Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà. Ẹ̀gbọ́n ní páálí Ireland, èyí tí wọ́n ya dùùrù wúrà sí lára, torí náà ó tẹ̀ lé ìyá ìjọ kan lọ. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù Ireland ni àbúrò rẹ̀ wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì kí n tó fà á sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré. Ó bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ibí ni?” Mo gbé e pọ̀n, bó tilẹ̀ ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ, a sì rìn padà sílé. Ọdún 2012 ni mo tó di ọmọ onílùú, tí mo wá lè tọrọ rẹ̀ fún un.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí ọmọ Nàìjíríà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, abala 25 nínú ìwé òfin wa ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí òbí rẹ̀ kan bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tiwa ni. Nítorí èyí, òfin Ireland tó ń gba ọmọ tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ìlú mìíràn kò lè ran ọmọ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá fún ìjọba ìlú rẹ̀, ṣé yóò tún wọ ẹ́mbásì ìjọba yẹn lọ tọrọ páálí fún ọmọ ọwọ́? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú méjì lẹ́nu, kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ti àwọn ará Rohingya, ẹ̀yà kan láti Burma ní Éṣíà, tilẹ̀ tún burú ju tiwa lọ, torí ìlú tí wọ́n ti wá gan-an kò gbà pé ọmọ òun ni wọ́n. Láti ọdún 1962 ni Ireland ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí àwọn tí kò ní ìlú kankan, síbẹ̀ kò tíì ya ọ́fíìsì kan sọ́tọ̀ tí irú wọn lè lọ kó ẹjọ́ wọn rò sí.

Mo mọ̀ pé òfin ṣeé yí. Ọkùnrin kan tó wá láti Burma fi ọdún mẹ́jọ dúró de èsì ààbò tó tọrọ ní Ireland láìgbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Òun ló gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ sì sọ lọ́dún 2017 pé kíkà tí wọ́n ka iṣẹ́ léèwọ̀ pátápátá fún irú wọn lòdì sí ìwé òfin. Ẹ̀yin Yorùbá Ireland tí ẹ ti di ọmọ onílùú, ẹ lè dìbò yan aṣòfin. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní họ́sítẹ̀lì pàápàá, òfin gbà yín láyè láti dìbò káńsù, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Tí àwọn tó ń wá ìbò bá kanlẹ̀kùn yín, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ẹ máa ka ọdún tí a fi dúró?

Arábìnrin Abẹ́òkúta, tí ẹ̀mí àbúrò rẹ bá wà nínú ewu, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó tọrọ ààbò, kó sì sọ òótọ́ ohun tó ń lé e. Tó bá jẹ́ ti oyún nìkan ni, kó fi owó rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé kan náà tí ẹ tẹ lẹ́tà rẹ̀ sí ni kí ẹ tẹ tèmi sí, kó lè tètè rí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ méjì,
Drogheda, Ireland