Mọ́tò fáànù ló kú, gáàsì kò tán

Olóòtú,

Òkun o. Bí ooru oṣù kẹta bá ti dé sí Kàbà, Mọpà àti Ìsánlú, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń sọ fún ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kò tutù mọ́: "Gáàsì ti tán." Ó ń dùn wá gan-an, nítorí gáàsì tó ń mú ẹ̀rọ tutù kì í dín níbi tí kò ti jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáànù ni kò yí dáadáa.

Nínú ẹ̀rọ ojú fèrèsé, mọ́tò kan ṣoṣo ló ń yí fáànù méjì: èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú yàrá, àti èyí tó ń lé ooru jáde sẹ́yìn ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí òrùlé àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé bí ilé ní Amẹ́ríkà. Bí mọ́tò náà bá ń lọ́ra, ooru kò rọ́nà jáde, kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, á gbóná, á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Yìnyín náà lè bo páìpù inú, òun ni wọ́n á sì nawọ́ sí pé gáàsì ló kéré.

Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Iná ṣì lè wà nínú kapásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́ láti ran mọ́tò lọ́wọ́ kó lè yí, nítorí náà ẹ fi rísísítọ̀ (ohun tó ń dín bí iná ṣe ń sáré kù) 20,000 ohm fa iná náà tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ti apá fáànù. Bó bá yí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ kò há. Bó bá ń kùn tí kò yí nígbà tí iná bá wọlé, kapásítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tí wọ́n kọ 5 microfarad (ìwọ̀n iná tó lè gbà) àti 5% (ìwọ̀n tó lè fi yàtọ̀) sí lára kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 4.75 lójú mítà. Bó bá ti di 3, mọ́tò á máa wọ́, á máa gbóná, títí wáyà inú rẹ̀ á fi jóná. Iye microfarad kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kó sì jẹ́ ti 450 volt. Ẹni tó bá fi èyí tó tóbi jù sí i kí fáànù lè sáré, mọ́tò ló ń sun.

Bí mọ́tò bá ṣì gbóná, ẹ má tíì sọ pé wáyà rẹ̀ já. Ohun tó ń gé iná nítorí ooru wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Kò sì gbọdọ̀ sí wáyà iná mọ́tò kankan tí mítà á fi hàn pé ó kan ara irin mọ́tò.

Bí ọ̀pá bá há, eruku ló sábà máa ń fà á. Nígbà ọyẹ́, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Kàbà sí Ọ̀bájànà tí tírélà ń gbà, eruku àti epo máa ń dì bí ọṣẹ dúdú mọ́ ọrùn ọ̀pá mọ́tò. Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ kán epo ẹ̀rọ SAE 20 bíi ẹ̀kán mẹ́rin sí búṣì, ìyẹn òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà sí i o, ńṣe ló máa ń lẹ̀. Bí ọ̀pá bá sì ń mì sọ́tùn-ún sósì, búṣì ti jẹ, epo kò lè ràn án. Èyí tó bá ń lo bẹ́rìn, ìyẹn òrùka oníbọ́ọ̀lù, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀: 6201 ní ihò 12 mm, láti etí òde kan sí èkejì rẹ̀ sì jẹ́ 32 mm. Òrùka inú ni kí ẹ tì wọ ọ̀pá. Bí ẹ bá lu ti òde, àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì fi òòlù lu ọ̀pá láti yọ fáànù, ó máa ń tẹ̀.

Ti tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà: 115 volt, 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni ọ̀pọ̀ wọn. Tiwa jẹ́ 230 volt, 50 Hz. Tíránsífọ́mà lè mú volt wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yí 50 Hz padà sí 60 Hz, nítorí náà mọ́tò á lọ́ra, á sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé lẹ́tà yìí jáde, kí onílé lè ní kí oníṣẹ́ fi iye kapásítọ̀ han òun lójú mítà kó tó ṣí sìlíńdà gáàsì.

Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù,
Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí