Lẹ́tà Táàmù Kẹta sí Àwọn Òbí: Lọ́kọjá lọ́jọ́ Fráìdé, Ògìdì lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Òkun o! Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó tún ká òrùlé kíláàsì JS 1 lọ bíi tọdún tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n yára mú ọ̀rọ̀ kéékèèké kúrò nílẹ̀. Owó ilé-ìwé kò yí padà. Ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Agẹmọ. Ọmọkùnrin tó bá gbé irun ìgboro wọlé, a ó bá a gé e. Ó tán.

Ìrìn àjò àwọn ọmọ SS 2 gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tá a máa lọ. Lọ́dún tó kọjá, ibi ọdún iṣu tuntun ní Ògìdì la kọ́kọ́ lọ, ká tó gba Lọ́kọjá lọ lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀, mo sì ṣì í tò. Nígbà tá a dé itẹ́ òkú àwọn Òyìnbó, ìlù Ògìdì ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ. Ọ̀kan gbé kúlà omi lé orí sàréè kan, ó ń fi ṣíbí lù ú bí ẹní ń lu gángan, àwọn mẹ́rin sì ń jó yí i ká. Mi ò na ẹnì kankan. Mo kàn ní kí wọ́n ka ọjọ́ orí tí wọ́n fín sára òkúta náà fún mi. Ẹni tó sùn síbẹ̀ kò ju ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní yunifásítì lọ. Gbogbo wọn pa rọ́rọ́. Onílù wa rọra gbé kúlà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu omi tó kán sórí òkúta.

Ìdí nìyẹn tí Lọ́kọjá fi ṣáájú lọ́dún yìí.

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín ò dùn sí i. Ìyá kan bi mí ní ọ́fíìsì pé, "Ọ̀gá, ṣé itẹ́ òkú ni wọ́n ti ń ṣọdún ni?" Bàbá kan ní ká kúkú fi Lọ́kọjá sílẹ̀, ká jẹ iṣu, ká máa bọ̀ wálé. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n nínú wa níbí, ta ni ò tíì dé ibi òkú àgbà tí ẹkún àti ijó ti jọ wà nínú àgbàlá kan ṣoṣo? Láyé àtijọ́, àwọn ará Búnú nítòsí wa máa ń hun aṣọ ipò pupa fún ìsìnkú èèyàn ńlá, aṣọ pupa yìí náà sì ni eégún ń gbé jó. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ní kí eégún lọ pààrọ̀ aṣọ.

Ní Lọ́kọjá, Òkè Pátì la máa kọ́kọ́ gùn, kí wọ́n lè rí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ibẹ̀ làwọn ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wá ní 1841, tí ibà sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá wọn wá, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú ní 1821. Lẹ́yìn náà la máa lọ sí ilé-ìwé Holy Trinity tó bẹ̀rẹ̀ ní 1865, níbi tí irin méjì dúró sí láti fi àmì sí ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ kan irin yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹrú kì í ṣe ìtàn ará ibòmíràn fún wa. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè nípa ogun Tápà, nípa ìdí tí àwọn baba wa fi ń sá gun orí òkè, àti nípa àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bídà tí wọn ò padà. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kábà, kí wọ́n tó kọjá lọ bá Bídà jà. Mi ò ní sọ fún àwọn ọmọ pé ìfẹ́ wa ló gbé wọn wá. Ọjà ni wọ́n ń wá. Aliyu, ọba Kánò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ lóyè ní 1903, Lọ́kọjá náà ló kú sí ní 1926. A ó ya ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun, lẹ́yìn náà ó di ilé.

Ilé yín ni wọ́n máa sùn mọ́jú Sátidé. Ẹ bá mi jókòó tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Fráìdé yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kàn gbé fóònù sójú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ògìdì yá! Iṣu gbígbóná á wà, ijó á wà, a ó sì dé ibùdó iṣẹ́ ọnà Nike Okundaye láti wo bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn ń kọ lóminú, ẹ fọkàn balẹ̀: a ò ní kó ọmọ kankan dé ibi ètùtù, ọmọ tí òbí rẹ̀ ò bá sì fẹ́ kó lọ sí Ògìdì lè bá wa dé Lọ́kọjá nìkan.

Owó ọjọ́ méjèèjì jẹ́ ₦14,000, Lọ́kọjá nìkan ₦9,000. Bọ́ọ̀sì máa gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, torí tírélà ọ̀nà Ọ̀bàjànà ló dá wa dúró títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́dún tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́. Yunifọọmu ni Fráìdé. Aṣọ òkè tàbí àǹkárá ni Sátidé, kódà kó jẹ́ ti àbúrò ìyá ni wọ́n yá.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ásímà, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì fún tíṣà kíláàsì ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe nínú báàgì ọmọ. Tíṣà kíláàsì náà ló ń gba owó. Ẹ má fi rán ọmọ.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé,
Kábà.