Àbẹ̀kẹ́ mi, fi eyín yẹn sílẹ̀ ná

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Dádì ẹ sọ fún mi pé o fẹ́ lọ yọ eyín tó ń dùn ẹ́ yẹn, o ní o ò ní sọ̀rọ̀ imú ẹ fún dókítà eyín, torí o ò fẹ́ kí wọ́n máa wò ẹ́ bí aláìsàn. Jọ̀ọ́ ka lẹ́tà yìí tán kó o tó lọ.

O kéré nígbà yẹn, o lè má rántí. Mo wọlé wá bá ẹ lóru ọjọ́ kan, píló ẹ ti rin gbindin, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ nírun, ìwọ sì ń sùn lọ ní tìẹ. Dókítà tá a kọ́kọ́ rí ní ò ń tọwọ́ bọmú ni, ká gé èékánná ẹ. A gé e títí kò sóhun tá a lè gé mọ́, imú ò yéé ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, wọ́n ní platelet ẹ, ìyẹn àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, pé, ó wà láàárín 150,000 sí 450,000 tó yẹ kó wà nínú microliter ẹ̀jẹ̀ kan, ká máa lọlé. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó bi wá pé àwọn platelet tó pé yẹn, ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́?

Wọn ò ṣiṣẹ́. Wọ́n da èròjà sí ẹ̀jẹ̀ ẹ nínú ìgò kékeré, wọ́n ń retí pé á ṣù pọ̀, ó kàn ń wò wá ni. Tí nǹkan bá gé ẹ, platelet ẹ máa débẹ̀ o, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń di ara wọn mú ni ò sí. Glanzmann ni wọ́n ń pe àìsàn yìí, orúkọ dókítà ọmọdé ará Switzerland tó kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1918. Dádì ẹ ní ìdílé mi ló ti wá, èmi náà ní ìdílé tiẹ̀ ni, àṣé àwa méjèèjì la gbé e láìmọ̀, ìdajì tó wà lára wa ò ṣe wá ní nǹkan kan, ìwọ lo wá gba méjèèjì. Tó o bá máa bínú, bínú sí wa pa pọ̀.

Ìdí nìyẹn tí eyín ò fi lè jẹ́ nǹkan kékeré fún ẹ. Kí dókítà eyín bá dókítà ẹ̀jẹ̀ ẹ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹnu ẹ, kí wọ́n ṣètò tranexamic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè tú, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá. Má lo aspirin tàbí ibuprofen sí ìrora yẹn, paracetamol ni kó o lò. Tí imú bá sì ń ṣẹ̀jẹ̀, jókòó, tẹ orí síwájú, fún ibi tó rọ̀ nímú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, má yọwọ́ kó o máa yọjú wò ó, mo mọ̀ ẹ́. Nǹkan oṣù ẹ náà, tó bá ti ń pọ̀ jù, má fi pa mọ́ fún mi.

Mo ti fi fọ́tò ìwé tí dókítà ẹ̀jẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹ. Fi hàn wọ́n lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, kó o tó jókòó sórí àga, kó o sì pè mí.

Mọ́mì ẹ