Kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn

Olóòtú,

Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ pé owó kò tó nílé ìwòsàn ìjọba, pé àwọn nọ́ọ̀sì ti sá lọ sílùú òyìnbó tán. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tójú tèmi rí yàtọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ara ọmọ ọmọ mi gbóná janjan, mo bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kíá, ó ní ibà ni. Oògùn ibà ń bẹ nínú yàrá. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ni kò sí: ọ̀gá wọn ti mú un lọ sípàdé ní káńsù. Ojú ti nọ́ọ̀sì yìí ju èmi lọ. Kẹ́míìsì tó wà lódìkejì títì ni mo ti lọ ra oògùn.

Owó kọ́ ló wọ́n lọ́jọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ kọ́. Ẹni tí yóò sọ pé "bí n ò bá sí, lágbájá ni kẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀" ni a kò ní.

Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ iye owó oògùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri. Ó ń kọ orúkọ ẹni tó máa sùn síbi iṣẹ́ sójú pátákó. Owó oògùn tí a bá san, oògùn ló fi ń rà padà. Òrùlé ń jò nígbà náà o, iná kò sì sí, síbẹ̀ àwọn aláboyún ń ti abúlé wá. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn, kò pẹ́ tí àtẹ oògùn fi ṣófo.

Látìgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ni ìgbìmọ̀ ará ìlú ti wà nínú ètò ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Òfin ìlera 2014 tún ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera. Lára owó yìí ń wọ àkáǹtì àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tààrà, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ná an. Mo wá ìgbìmọ̀ tiwa lọ. Alága ti kú láti èṣí, akọ̀wé ti kó lọ sí Èkó, kò sẹ́ni tó rọ́pò wọn.

Kí káńsù bá wa yan ìgbìmọ̀ tuntun. Kí wọ́n lẹ iye tó wọlé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti ohun tí wọ́n fi rà, mọ́ ògiri níbi tí àwa tó ń jókòó de káàdì yóò ti rí i. Kí wọ́n sì gẹ́ kọ́kọ́rọ́ kejì. Èmi gan-an ṣe tán láti san owó ẹ̀.

Ìyá àgbà kan,
Ìbàdàn